Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Dúró Lójú Kan: Àgbéyẹ̀wò ‘Run’

Bí ọmọ Èkó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ tètè máa lọ nítorí pé òun ní ‘runs’ tí òun fẹ́ bójú tó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá náà fi ojú àánú wò ó, kó sì júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un. Lẹ́nu ọmọ Èkó, ‘runs’ ni ọ̀nà àtijẹ tí èèyàn ń dá sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ oṣù, yálà ó mọ́ tàbí kò mọ́. Lẹ́nu ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ‘the runs’ ni ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn méjèèjì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó ṣi ọ̀rọ̀ lò nínú wọn.

Gbogbo wa la rò pé a mọ ‘run’. Kíláàsì àkọ́kọ́ ní pírámárì la ti kọ́ ọ pé kéèyàn sáré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford parí àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí ní 2011, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un, ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, ká má tíì dárúkọ ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ. Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú wọn, ló jókòó ti iṣẹ́ náà, ó sì gbà á tó oṣù mẹ́sàn-án. Aboyún á ti bímọ nínú àsìkò yẹn. Iye yìí ni àwọn oníròyìn gbé kiri, bíi pé ẹnì kan lọ ka owó nínú báńkì tó sì bá 645 níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kà á gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ọdún 1857 ni ẹgbẹ́ Philological Society ní London ti pinnu pé àwọn fẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tuntun. Wọ́n fa iṣẹ́ náà lé James Murray lọ́wọ́ ní 1879. Nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Banbury Road nílùú Oxford, Murray kọ́ ahéré onípáànù kan tí wọ́n ń pè ní Scriptorium, ibẹ̀ ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí. Àwọn òǹkàwé tó yọ̀ǹda ara wọn láti onírúurú ilẹ̀ a máa ka ìwé. Bí wọ́n bá rí gbólóhùn tó lo ọ̀rọ̀ kan lọ́nà tó yẹ ní fífojúsí, wọ́n á dà á kọ sórí abala pépà kékeré kan, wọ́n á fi póósì rán an. Bí iṣẹ́ bá kan ọ̀rọ̀ kan, olóòtú á da gbogbo pépà rẹ̀ sílẹ̀, á máa ṣà wọ́n ní òkìtì òkìtì. Òkìtì kọ̀ọ̀kan ló ń di ìtumọ̀ kan nínú ìwé. Nígbà yẹn, William Craigie ló ṣe létà R. Murray kú ní 1915, iṣẹ́ náà kò sì parí títí di 1928.

Ibi tí òkìtì kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ojú olóòtú ló ń sọ ọ́. Odò ń ‘run’, omi ẹ̀rọ ń ‘run’, imú ọmọdé ń ‘run’, àbẹ́là tó ń yọ́ ń ‘run’, aró aṣọ tó ń jáde sára aṣọ mìíràn nínú omi ìfọṣọ náà ń ‘run’. Ṣé márùn-ún nìyẹn ni, àbí ọ̀kan? Èmi á pè é ní ọ̀kan: ohun olómi ni, ó sì ń lọ. Ẹlòmíràn á pè é ní márùn-ún, kò sì sí ilé ẹjọ́ tá a lè gbé e lọ. Olóòtú tó fẹ́ràn láti máa là á sí wẹ́wẹ́ á kọ 645. Èyí tó fẹ́ràn láti máa dì í pọ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí pépà kan náà.

Ṣáájú ‘run’, ‘set’ ló wà lókè. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé náà, tó jáde ní ìdìpọ̀ 20 ní 1989, ìtumọ̀ 430 ni wọ́n fún ‘set’, àlàyé rẹ̀ sì gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60,000; odindi ìwé ìtàn àròsọ kan nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ onílétà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ‘make’ gba ipò náà ní 2000, ‘put’ gbà á ní 2007, kí ‘run’ tó wá gbà á ní 2011. Simon Winchester, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ ìwé méjì lórí ìtàn ìwé Oxford yìí, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ sínú New York Times lọ́dún náà. Ohun tó rí fà yọ ni pé ‘set’ bá ayé ìgbà Murray mu, ayé tí nǹkan ń fara balẹ̀. ‘Run’ ló bá ayé kánmọ́kánmọ́ tiwa mu.

Àlàyé náà dùn létí, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ wo létà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbapò lọ́wọ́ ara wọn wọ̀nyí: M, P, R. Nígbà tí Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, orí M ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tọ ááfábẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló máa ń wú jù, torí pé ẹ̀rí tó wà níkàáwọ́ wọn ti pọ̀ ju ti Murray lọ fíìfíì, kọ̀ǹpútà sì ń bá wọn wá a. Ní 2011, wọn ò tíì dé S. ‘Set’ tí wọ́n ń fi wé ‘run’, ‘set’ àtijọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún gbé sórí tábìlì. Kí ẹnì kan ti sá tiẹ̀ tán, kí ẹnì kejì má tíì bọ́ sórí pápá, ká sì máa ti ibẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ọ̀làjú ti sọ ọmọ aráyé dà! Ààtò ááfábẹ́ẹ̀tì ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí Winchester gbé fún ayé òde òní.

Èyí kò sọ pé ‘run’ kò tóbi. Ó tóbi, ìtàn rẹ̀ sì gùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ‘rinnan’ àti ‘irnan’ ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Norse tí àwọn ará Scandinavia kó wọ ilẹ̀ náà sì tún wá bá a pò pọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀dá ti ń fi ẹsẹ̀ ‘run’, tí omi náà sì ń ‘run’. Àwọn ará Jámánì ṣì pín in sí méjì títí dòní: ‘rennen’ ni ti ẹlẹ́sẹ̀, ‘rinnen’ ni ti omi. Gẹ̀ẹ́sì da méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba omi mọ́ra, kò tún sí ohun tí kò lè gbà. Omi kò ní ẹsẹ̀. Ohun tá a mọ̀ mọ́ ọn ni pé ó ń lọ láìdúró, láìsí ẹni tó ń tì í. Nítorí náà, títì tó gba àárín ìlú kọjá ń ‘run’, ògiri tó yí ọgbà po ń ‘run’, eré tí wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé láti oṣù dé oṣù ń ‘run’, àdéhùn ilé ọlọ́dún méjì ń ‘run’, àìsàn tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ń ‘run’ nínú ẹbí. Àwọn atukọ̀ òkun mú un ní tiwọn: ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń tì lẹ́yìn ń ‘run’, èyí tó forí sọ yanrìn ti ‘run aground’. ‘Cut and run’ tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ òkèèrè fi ń bú ara wọn pé ojo ni wọ́n, ọ̀dọ̀ atukọ̀ ló ti wá: kí wọ́n gé okùn ìdákọ̀ró sínú omi kí wọ́n sì bá atẹ́gùn lọ, nígbà tí kò sí àyè àtifà á sókè.

Ibi tí mo gbà pé Winchester rí nǹkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ, ẹ̀rọ tó ń dá yí láìsinmi kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí omi ṣe ń lọ náà ni ẹ̀rọ ń lọ, wọ́n bá ní ó ń ‘run’. Reluwé Stockton sí Darlington bẹ̀rẹ̀ ní 1825. Kí ọgọ́rin ọdún tó pé, reluwé ti ń ‘run’ láti Èkó dé Ìbàdàn, ní 1901. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gírámà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń ‘run’. Ẹni tó ń mú un ṣiṣẹ́ náà ń ‘run’ ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ tó kún fún ẹ̀rọ ń ‘run’. Mánẹ́jà ń ‘run’ ilé iṣẹ́. Láti ibẹ̀, èèyàn lè ‘run’ ṣọ́ọ̀bù, ‘run’ ilé ìwé, ‘run’ ìjọ, ‘run’ orílẹ̀-èdè, kó má sì dìde lórí àga rárá. Àwa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dá ṣe méjèèjì. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá ń darí, gómìnà ń ṣàkóso, ìyálọ́jà ń bójú tó ọjà. Ìdí nìyẹn tí ‘run’ fi máa ń da ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ sí Yorùbá láàmú ní gbogbo ojú ewé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, òun náà tún gbà á: ní Oṣù Kẹfà 1948, ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Manchester ‘run’ ètò tí wọ́n tọ́jú sínú ọpọlọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Lónìí, ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá á ní ‘mo ti run ẹ̀’, kò sì sí ẹni tó máa bi í pé kí ló ń lé e.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn ‘run’ tí ẹnikẹ́ni kò sáré nínú wọn. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ‘run’ ni àmì ayò. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí náà nìyẹn: bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ, àwọn méjì tó mú igi lọ́wọ́ á sáré kọjá ara wọn láti orígun kan dé èkejì, yáàdì 22 ló sì wà láàárín wíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù náà bá yí dé ààlà pápá, ‘run’ mẹ́rin ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Bó bá fò kọjá ààlà láìkanlẹ̀, mẹ́fà. Ẹni tó gbá a lè dúró gbagidi síbi tó wà kó máa fi ọwọ́ nu òógùn. ‘Run’ mẹ́fà ti wọlé, ẹsẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Ti báńkì tilẹ̀ tún le jùyẹn lọ. ‘Run on a bank’ ni kí ọkàn àwọn oníbàárà má balẹ̀ mọ́, kí gbogbo wọn sì dà wá gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2007, àwọn tó fowó sí Northern Rock tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà ni wọ́n tò, kò sẹ́ni tó sáré. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹta 2023, àwọn oníbàárà Silicon Valley Bank ní Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ gba bílíọ̀nù dọ́là 42 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣe é, níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìjọba ti báńkì náà pa lọ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, ‘run’ tó jẹ́ kéèyàn sá gan-an kò lọ síbì kankan. Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kún fún ìkéde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘Run away’. Ẹrú ló sá, olówó rẹ̀ ló ń wá a. Thomas Jefferson fi irú rẹ̀ sínú Virginia Gazette ní 1769 nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sandy: oníṣẹ́ bàtà ni, ọlọ́wọ́ òsì, ó gun ẹṣin funfun kan lọ, ó sì kó irinṣẹ́ bàtà rẹ̀ dání. Ẹni tó bá rí i mú, owó wà fún un. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Jefferson yìí kan náà kọ ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo 645, èyí ni ‘sá’ wa bá mu láìkù síbì kan.

Ó sì láwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń tan èèyàn jẹ. Ogun Bull Run, tí wọ́n jà ní Virginia ní 1861 tí wọ́n tún jà á ní 1862, kò sí màlúù kankan tó sáré níbẹ̀. Bull Run ni orúkọ odò kékeré tó wà nítòsí, torí pé ‘run’ ni wọ́n ń pe irú odò bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. ‘Run the gauntlet’ ńkọ́? Ìbọ̀wọ́ irin àwọn ológun àtijọ́ ni ‘gauntlet’, kò sì bá ọ̀rọ̀ yìí tan. ‘Gatlopp’ ti àwọn ará Sweden ló bà jẹ́ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: ‘gata’ ni ọ̀nà, ‘lopp’ ni eré sísá. Ìyà àwọn ṣọ́jà ni. Wọ́n á tò ní ìlà méjì, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ á gba àárín kọjá, wọ́n á sì máa nà án títí á fi jáde.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ‘run’ ló ń ṣe àwa tá a kọ́ èdè náà níléèwé báṣubàṣu jù lọ. Ká ní ọkùnrin kan pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní ‘I ran into your wife yesterday’. Kò sí láburú: ó ṣe kòńgẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Bó bá fi ‘over’ rọ́pò ‘into’, ó ti fi mọ́tò tẹ obìnrin náà, àwọn ọlọ́pàá ló kù kí wọ́n pè. Bó bá jẹ́ ‘ran off with’ ló sọ, ó ti gba ìyàwó onílé sá lọ nìyẹn, ìjà dé. ‘Run out’ ni kí mílíìkì tán. ‘Run down’ ni kí bátìrì kú, tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa. ‘Run up’ ni kéèyàn máa jẹ gbèsè kún gbèsè, ‘run up’ yìí náà sì ni kí télọ̀ sáré rán aṣọ. Tíṣà tó bá kọ́ ọmọ ní ‘run’ lọ́tọ̀, tó kọ́ ọ ní ‘up’ lọ́tọ̀, kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan nínú èyí.

Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ‘pa’. A ń pa ẹran, a ń pa àlọ́, a ń pa iná, ebi ń pa wá, a ń pa owó, a ń pa ilẹ̀kùn dé, a ń pa ẹnu mọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ fún pé ìyá àgbà ń pa àlọ́ tó máa lọ wá ọ̀bẹ. Ẹni tó bá wá jókòó láti ka ìtumọ̀ ‘pa’ bí wọ́n ṣe ka ti ‘run’ ní Oxford, òun náà á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kó tó parí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé ‘pa’ la fi ń mọ ibi tó ń lọ: ẹran, àlọ́, iná. Etí wa ti mọ́ orúkọ. Bá a bá wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ń dúró de orúkọ, ‘into’ àti ‘over’ sì ti gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá.

Àwọn tó ni èdè náà kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí rẹ̀. Bí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bá fà ya lóròó, ‘run’ ni lẹ́nu ará Amẹ́ríkà. ‘Ladder’, bí àkàbà, ni lẹ́nu ará Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń du ipò ní Washington ń ‘run’, ẹni tó ń du ipò ní London ń ‘stand’. Iṣẹ́ kan náà ni o, ọ̀kan sáré, ọ̀kan nàró. Àwa ní tiwa ní ó jáde. Ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ni Nàìjíríà ti mú ‘running mate’ nígbà tí a gba ètò ìṣèjọba oníààrẹ wọlé ní 1979, ọ̀dọ̀ àwọn eléré ẹṣin sì ni Amẹ́ríkà ti mú un: ẹṣin tí wọ́n fi ń bá ẹṣin mìíràn sáré, kí eré tiẹ̀ lè já geere. Ẹni tó bá rántí ìbò 12 Oṣù Kẹfà 1993 á rántí Babagana Kingibe tó jẹ́ ‘running mate’ Abíọ́lá. ‘School run’ ní tirẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wọ ẹnu àwọn èèyàn wa: ìyá Yorùbá tó ń gbé ní Peckham á ní òun ń lọ ṣe ‘school run’, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń mú ọmọ náà rìn lọ.

Èyí ló gbé mi dé orí Gẹ̀ẹ́sì tiwa nílé. Àwọn tíṣà kan wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá kọ ‘run mad’, bírò pupa ni. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, pé ‘go mad’ ló tọ́. Shakespeare lo ‘run mad’ nínú Much Ado About Nothing. Jane Austen lò ó nínú Love and Freindship tó kọ ní 1790, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn tí wọ́n ti pa tì ni, a kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. ‘Running stomach’ yàtọ̀ síyẹn. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ‘the runs’ tiwọn kẹ́ ẹ wò ó, omi tó ń ṣàn náà ló wà nínú méjèèjì. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni tó sọ ọ́ dá. Ní ti ‘runs’ àwọn ọmọ Èkó, ó ti di ọ̀rọ̀ ara wa pátápátá. À ń ṣe runs, runs ń wọlé, ẹlòmíràn runs rẹ̀ bà jẹ́.

Ìwé Oxford náà ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Ní 2020 wọ́n kó ọ̀rọ̀ Nàìjíríà bíi ‘danfo’, ‘okada’ àti ‘next tomorrow’ wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìròyìn jáde pé wọ́n ti fi ‘japa’ kún un. Ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fún ẹni tó já, tó sá lọ bí ẹran tó já okùn, òun ló ti wà nínú ìwé tó ti ní ‘run away’, ‘run off’ àti ‘cut and run’ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ tí ‘run’ kò ní kò ṣòro láti mọ̀. Nínú jápa, físà wà níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n tà nítorí rẹ̀ wà níbẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì tó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró síbẹ̀ lẹ́nu wa: àwọn tó dé ọ̀hún tí wọ́n yí orí mọ́tò padà sílé, jápadà la ń pe tiwọn.